Ibi Tí Àlejò Lè Dé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí bí Ìyá Bọ́tìnnì ṣe ń sọ ọ́ kiri ò dáa. Tó bá jẹ́ òun ló sọ ọ́ fún yín, ẹ ó rò pé ńṣe ni mo kàn ya wèrè láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo fa wáyà yọ lára ògiri, tí mo sì ń pariwo mọ́ àgbàlagbà. Òótọ́ ni, mo fa wáyà yọ. Òótọ́ ni, mo pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó fà á ná.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Aránṣọ ni, aránṣọ gidi, kì í ṣe irú àwọn tó ń gbé téèpù kọ́rùn láti fi ṣe fáàrí. Yàrá gígùn kan ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní fèrèsé ńlá tó kọjú sí títì. Ẹ̀bá fèrèsé ni àwọn maṣínnì wà nítorí ìmọ́lẹ̀, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín. Lẹ́yìn pátápátá ni yàrá tí àwọn oníbàárà ti ń wọṣọ wò. Yàrá yẹn ní ilẹ̀kùn tó ń tì, ó ní dígí tó ga ju ènìyàn lọ, ó sì ní kọ́bọ́ọ̀dù onígi dúdú kan tí à ń kó aṣọ tí a ò tíì rán parí sí.

Èmi ò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀. Wọ́n ń pè mí ní Ẹlẹ́rọ, wọ́n sì fún mi ní igun kan lábẹ́ pẹpẹ tí wọ́n ń to bọ́tìnnì sí. Ibẹ̀ ni sáfà wa wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tó ń tọ́jú fáìlì kí àwọn ẹlòmíràn lè wá mú un láti ibi yòówù tí wọ́n bá wà. Pátánì aṣọ ló kún inú ẹ̀. Gbogbo pátánì tí ẹ̀gbọ́n mi bá yà, apá, ọrùn, kóòtù, ṣòkòtò, á gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ á wá mú un. Kò ní dárúkọ, kò ní sọ ibi tó ti wá. Níbi tí sáfà ti ń béèrè orúkọ, kó ṣáà kọ "àlejò" síbẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí.

Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi.

"Àǹtí mi, ta ni wọ́n?" mo máa ń bi í. "Ẹ ò mọ̀ wọ́n, ẹ ò mọ ilé bàbá wọn, ẹ kàn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu."

"Aránṣọ ni wọ́n," á dáhùn, tòun ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ wọn ṣe? Ṣé mo fẹ́ fẹ́ wọn ni?"

Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ máa ń kẹ́yìn sí i tó bá fẹ́ gé aṣọ. Á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á mú ṣọ́ọ̀kì, á wá yí ẹ̀yìn ńlá rẹ̀ sí ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́, kó má bàa rí ibi tí ọwọ́ gbà. Ẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ obìnrin náà ló búra pé òun ò ní kẹ́yìn sí ẹnikẹ́ni láé. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ sí irú ìyẹn? Mo ṣe ohun tí mo lè ṣe.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín sáfà bí ẹni pínlé. Pálọ̀ ni mo pe ibi tí àwọn pátánì ọ̀fẹ́ wà, ibẹ̀ ni àlejò ń wọ̀. Mo ṣe Àpótí Ẹnu Ọ̀nà, tí àlejò lè ju nǹkan sí, bóyá pátánì tí òun náà yà tàbí ìbéèrè, ṣùgbọ́n tí kò lè rí ohun tí ẹlòmíràn jù síbẹ̀. Èmi ni mò ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀, nítorí àwọn kan máa ń ju ìdọ̀tí síbẹ̀ pẹ̀lú. Mo wá ṣe Yàrá. Ìwọ̀n àwọn oníbàárà wa ló wà nínú Yàrá, àti fọ́tò wọn láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìwọ̀nba aṣọ lára, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kì í gbára lé téèpù nìkan. Ó ní téèpù ò lè sọ fún èèyàn pé èjìká kan rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ. Àwa tí a ní páswọ́ọ̀dù nìkan ló yẹ kó wọ Yàrá. Ó yẹ, ni mo wí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú Yàrá ni Tíṣà. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń bá mi ṣàwàdà pé kọ̀ǹpútà mi ò lè yára ṣírò tó òun. Jẹjẹrẹ mú un lọ́mú òsì, wọ́n sì gé e. Ó sọ fún wọn níléèwé pé òun lọ kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sí i. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé pé kókó kékeré kan ni wọ́n yọ. Yàtọ̀ sí àwọn tó tọ́jú ẹ̀ nílé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló rí ojú àpá yẹn. Èmi mọ̀ nítorí pé èmi ni mò ń tẹ ìwọ̀n sínú sáfà.

"Ọ̀gá, mi ò fẹ́ ọmú àtọwọ́dá tí wọ́n ń kì bọ inú kọ́mú yẹn mọ́," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. "Ó ń rìn kiri. Tí mo bá gbápá sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó, òun náà á tẹ̀ lé apá lọ sókè. Mi ò kọ nǹkan sójú pátákó mọ́. Àwọn ọmọ ni mò ń pè jáde kí wọ́n wá kọ ọ́. Wọ́n rò pé ńṣe ni mò ń dán wọn wò."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó rán aṣọ kan fún un, aṣọ náà yí sápá òsì. Ó tú u, ó tún un rán, ọrùn ẹ̀ là sílẹ̀. Ó gba ọ̀nà mìíràn, aṣọ yẹn dúró dáadáa bí Tíṣà bá dúró jẹ́ẹ́, àfi ìgbà tó gbápá sókè, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́. Tíṣà ní kò burú, òun á máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Gbogbo èyí tó yà ló wà nínú fáìlì Tíṣà nínú Yàrá, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn pé, "Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo jókòó, mo ṣí Àpótí Ẹnu Ọ̀nà láti gbá a. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni "Fún ẹni tí wọ́n gé ọmú òsì rẹ̀."

 Mo bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ dúró síbẹ̀. Mo ṣí i. Pátánì ni, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á sórí pépà, wọ́n wá ya fọ́tò ẹ̀. Mo wo àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, fífẹ̀ àyà, ìbú èjìká, láti èjìká dé ìbàdí. Ìka mi yìí ni mo fi tẹ àwọn nọ́ńbà yẹn sínú sáfà. Ti Tíṣà ni. Kò fi ìdajì íńṣì yẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ wádìí nǹkan, èmi alára máa ń di àlejò ni. Mo mú fóònù mi, mo jáde sójú títì, mo kọ "àlejò" bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Pálọ̀ ṣí. Apá, ọrùn, kóòtù, ṣòkòtò. Mi ò rí nǹkan kan tó burú. Mo wá ní kó fi àwọn ohun tó pamọ́ hàn mí náà, nítorí ohun tí wọ́n bá fi àmì ìdánudúró ṣáájú orúkọ rẹ̀ kì í hàn fún ẹni tó kàn ń wò lọ. Ọ̀nà àbùjá kan yọjú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì bá ara mi nínú Yàrá.

Ẹ gbà mí o! Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó jẹ́ pé ojú ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni wọ́n ti bọ́ṣọ, tí wọ́n tilẹ̀kùn kí wọ́n tó bọ́ ọ, èmi aláìlórúkọ dúró lójú títì, mò ń wò wọ́n, mọ́tò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí èmi bá lè rí wọn, ta ni kò lè rí wọn?

Mo sáré wọlé. Ìgbà yẹn ni mo fa wáyà tó so sáfà mọ́ ìta yọ.

"Ta ló gbẹ́ ihò sára ògiri mi?" Mo pariwo débi pé gbogbo maṣínnì dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Bọ́tìnnì gbójú sókè. Àgbàlagbà ni, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń parí aṣọ fún wa nílé tiwọn, àwọn tó ń gán bọ́tìnnì, ìkọ́ àti etí aṣọ. Awò ojú méjì ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, ó sì máa ń wá méjèèjì kiri.

"Ihò wo?" ó ní. "Àbí ọ̀nà tí mo là sí Yàrá ni? Ìyẹn kì í ṣe ihò. Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin, Mà?"

"Èmi ńkọ́! Mo wò ọ́ bí o ṣe máa ń ṣe é. Ṣé ìwọ nìkan ló gbọ́n ni? Àwọn obìnrin mi ń gbàgbé páswọ́ọ̀dù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí: Màmá, kí ni lẹ́tà tó kẹ́yìn? Màmá, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n! Mo wá la ọ̀nà kékeré kan fún wọn láti Pálọ̀ kí wọ́n lè rí ìwọ̀n wò. Mo sì fi í pamọ́. Abẹ́ aṣọ inú ni mo fi í sí, bíi ti kóòtù. Kò sẹ́ni tó lè rí i níbẹ̀."

"Mo rí i, Mà! Mo rí i láti ojú títì!"

"Ìwọ, o máa ń wá ìjà."

Ẹ wò ó, inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo yé e. Ẹni tó ti ń rán aṣọ inú mọ́ kóòtù láti kékeré gbà pé ohun tó bá ti bọ́ sábẹ́ aṣọ inú ò sí mọ́ fún ará ìta. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ojú òwú tó ta kókó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ibi tí wọ́n rán bàjẹ́ pamọ́ sí. Oníbàárà kì í tú kóòtù wò. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá sí Pálọ̀ wa? Aránṣọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ni! Kò sì sí aránṣọ tó máa rí kóòtù ẹlòmíràn tí kò ní yí i síta wo inú ẹ̀. Òun alára, mo ti rí i tó ń gbé etí aṣọ oníbàárà sókè wò nígbà tí onítọ̀hún ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Mo fi fóònù hàn án. Ó wò ó, ó jókòó sórí àga maṣínnì tó sún mọ́ ọn.

"Ó parí," mo ní. "Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ pátánì, kó dárúkọ. Kó sọ ibi tó ń gbé. Àlejò tán."

"Rárá," ó ní.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà rí i! Ẹnì kan ti wo Tíṣà níhòòhò, a ò mọ ẹni tó jẹ́!"

"Bí o bá mọ orúkọ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ojú ẹ̀ á ṣàìrí ohun tó rí ni?" Ó fọwọ́ nu ojú. "Kì í ṣe àlejò ló la ọ̀nà yẹn. Àwa ni. Má lé wọn. Ti ilẹ̀kùn tó yẹ kó tì."

 Mo wọ abẹ́ pẹpẹ lọ bá sáfà mi, mo sì ń kùn bí agbọ́n. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe. Mo ti ń fi àlejò sí Pálọ̀, mo sì ń gbẹ́kẹ̀ lé e pé kò ní kúrò níbẹ̀. Ní báyìí, mo sọ Pálọ̀ di gbogbo ilé fún un. Tó bá wọlé, kò sí ẹ̀yìn, kò sí òkè, kò sí ilẹ̀kùn kankan tó jáde síbòmíràn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ la ọ̀nà àbùjá ọgọ́rùn-ún síbẹ̀, ibi tí ọ̀nà náà ń lọ ò sí láyé fún àlejò. Àpótí Ẹnu Ọ̀nà nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún un, ẹ̀gbẹ́ Pálọ̀. Àwọn obìnrin Ìyá Bọ́tìnnì, mo ṣe yàrá kékeré tiwọn, ìwọ̀n aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí fọ́tò. Mo ní kí Ìyá Bọ́tìnnì fúnra ẹ̀ yan páswọ́ọ̀dù tí wọn ò ní gbàgbé. Ó yan èébú tí ó máa ń bú mi. Wọn ò gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Mo tún ṣe bí àlejò, mo kan gbogbo ògiri. Ó le gbagidi. Mo dá wáyà padà.

Nígbà tí mo yọjú síta, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ pátánì àlejò yẹn sórí pépà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, ó sì ń fi ìka tọ ìlà ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

"Wá wo nǹkan," ó ní. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti ń so àpò tó máa di ọmú àtọwọ́dá yẹn mú mọ́ àyà aṣọ. Ẹni yìí so ó kọ́ èjìká. Ó gbé e rọ̀ bí ẹni gbé àpò kọ́ apá. Aṣọ tó wà níta ń lọ tiẹ̀, èyí tó wà nínú dúró síbi tó wà. Tí apá bá gòkè…" Ó gbé apá tiẹ̀ sókè, ó mú un wálẹ̀, ó tún gbé e sókè. "Mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Mi ò ronú kàn án."

Mo wo pépà náà. Mo fẹ́ gbá ẹni tó yà á létí, mo sì fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó wọ ibi tí wọn ò pè é sí. Ó rí obìnrin tó ń jìyà, ó sì jókòó ronú nítorí ẹ̀. Ẹni kan náà ni.

"A máa sọ fún Tíṣà," mo ní.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ kúrò lórí pépà. "Tí a ò bá sọ fún un, kò ní mọ̀ láé. A ti tilẹ̀kùn. Mo lè rán aṣọ yìí fún un, inú ẹ̀ á sì dùn."

"Ẹ ó lè máa wò ó lójú?"

 Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù, ó pe Tíṣà.

Tíṣà wá bí iléèwé ṣe jáde, ṣọ́ọ̀kì pátákó ṣì wà létí aṣọ ẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti fara kàn án. A wọ yàrá ẹ̀yìn, a pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò lè parí ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́: ọ̀nà tó là sílẹ̀, fọ́tò, nọ́ńbà, pátánì.

"Ta ni onítọ̀hún?" ó bi mí.

"A ò mọ̀, Mà."

"Ènìyàn mélòó ló rí mi?"

"A ò mọ̀ ìyẹn náà. Ó kéré tán, ẹnì kan."

Ìyá Bọ́tìnnì ti wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó yọ awò ojú méjèèjì. "Èmi ni mo ṣe é, ọmọ mi. Kì í ṣe àwọn wọ̀nyí. Mo rò pé mo fi í pamọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Tíṣà ò wò ó.  "Ìyá mi," ó ní. "Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tí a jọ ń sùn sábẹ́ òrùlé kan náà, mi ò sọ fún un. Mò ń tilẹ̀kùn kí n tó pààrọ̀ aṣọ nínú ilé ara mi. Ẹ̀yin wá gbé mi síta fún ẹni tí kò lórúkọ."

 Mo na pátánì sí i nítorí mi ò mọ ohun tí mo tún lè fọwọ́ mi ṣe. Mo rò pé ó máa fà á ya. Ó ká a, ó kì í bọ inú báàgì bí ẹni tó ń kó ẹrù tó jẹ́ tiẹ̀, ó sì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí ó fi ní orí ń fọ́ òun, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn burú. Kò sẹ́ni tó ṣàwàdà. Ìyá Bọ́tìnnì gán bọ́tìnnì mọ́ òdìkejì kóòtù, kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ni gbogbo wa ń gbójú sókè.

Ọ̀sán Sátidé kan ló padà wá. Ó tẹ́ pépà yẹn sórí tábìlì ìgéṣọ. Ó ti ká a tú u, ká a tú u, títí ojú ibi tó ti ń ṣẹ́ fi rọ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ka èyí?" ó ní.

Ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí aṣọ máa parí sí. Ẹ̀gbọ́n mi ti wo ìlà, èmi ti wo nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó rí i nínú wa. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wínníwínní, bí aránṣọ ṣe máa ń kọ nǹkan fún ara ẹ̀: "So ó kọ́ èjìká, apá á gòkè. Tèmi ni ti ọ̀tún."

Mo tẹ̀ síwájú, mo tún un kà.

"Mo ka gbólóhùn yẹn, inú sì tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," Tíṣà ní. "Mo wá ronú pé, ẹni yìí tí mi ò mọ̀ rí ti mọ̀, ìyá mi ò mọ̀. Mo sọ fún ìyá mi. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n ní mi ò tíì pe àwọn wọlé ni, ìyẹn làwọn ṣe jókòó sí pálọ̀." Ó fa imú. "Ọ̀gá, ẹ rán an."

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ fún un pé kó lọ kó padà wá. Ó tẹ́ aṣọ ní ìṣójú ẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó sì gé e, Tíṣà dúró lódìkejì tábìlì, ó ń wo gbogbo ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà. Ìyá Bọ́tìnnì fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ rán àpò inú, kò gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí Tíṣà wọ̀ ọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn, ó dúró síwájú dígí, kò mira.

"Ẹ gbápá sókè, Mà," mo ní.

Ó gbé e sókè díẹ̀. Ó wo dígí. Ó gbé e sókè sí i. Aṣọ náà ò yí, ọrùn ò là, àyà méjèèjì dúró síbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀gbọ́n mi lórí àga, ó kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù dúdú yẹn, ó nà gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìṣirò sí i láti òkè pátápátá. Mi ò mọ ohun tó ń ṣírò. Ó kọ ọ́ dé àárín, ó padà sókè, ó tún kọ òmíràn. Gbogbo wa dúró bí ọmọ iléèwé. Ìyá Bọ́tìnnì ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, èmi náà tẹ̀ lé e, ojú ò sì tì mí.

Nígbà tó parí, ó gbọn ọwọ́ nù. "Ẹlẹ́rọ, pátánì yẹn, níbo ló wà báyìí?"

"Ó wà nínú Yàrá, Mà. Mo ti tì í. Kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀."

"Yọ ìwọ̀n mi kúrò, fi ìwọ̀n onírúurú ènìyàn sí i, tọ̀tún tòsì. Kó o wá gbé e sí Pálọ̀."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Sáfà kì í mọ ẹni tó wá, ṣùgbọ́n ó máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n gbé nǹkan kan lọ. Èyí ló fà á tí Tíṣà fi ń yà lọ́dọ̀ wa bó bá ti iléèwé dé, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lápá báyìí, títí dé ìgúnpá. Kì í jókòó. Á kàn yọrí sí abẹ́ pẹpẹ bọ́tìnnì, á ní, "Mélòó?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ pé mẹ́ta, mo máa ń sọ pé méje. Lọ́jọ́ kan mo wo nọ́ńbà náà, mo nu ojú kọ̀ǹpútà, mo tún un wò, mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo yí i sí i kó fúnra ẹ̀ kà á. Ó ju igba lọ.

Tíṣà tó máa ń yára ṣírò ju kọ̀ǹpútà lọ, ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà yẹn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

"Gbogbo àwọn yìí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó dárúkọ nínú wọn?"

"Kò sẹ́ni kankan, Mà. Wọ́n á wọ Pálọ̀, wọ́n á mú un, wọ́n á lọ."

Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Má bi wọ́n o."

"Mi ò ní bi wọ́n, Mà," mo ní.